Àjàní, Gbé Wóró Aláró Yẹn Kúrò Lẹ́bàá Omi Ẹja

Àjàní ọkọ mi, jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Mo ti wo ẹja, mo ti wo edé, mo ti wo iyùn tó ń hù lára òkúta, mo sì ti kí ọ kú iṣẹ́. Omi rẹ mọ́ gaara, gíláàsì náà wuyì, ìyàwó rẹ pàápàá ti sọ fún mi pé láti ìgbà tí tánkì yìí ti dé lo ti ń tètè wálé láti ibi iṣẹ́. Ó dáa. Ìyìn parí síbẹ̀. Kí ló wà nínú ọ̀pá gíláàsì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ńpù afẹ́fẹ́ rẹ?

Mo ti rí i láti ẹnu ọ̀nà. Wóró wóró aláwọ̀ aró, ó ń dán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ṣé o rò pé ojú Àǹtí rẹ ti di bàìbàì débi pé n kò ní dá a mọ̀ ni? Èmi tí mo fi láàbù kẹ́mísírì jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mo ń nu dẹ́síkétọ̀, ìgò onídèérí tí a ń pa kẹ́míkà gbígbẹ mọ́ sí, kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n rìn! Ohun tí a máa ń dà sí ìsàlẹ̀ dẹ́síkétọ̀ nìyẹn, kí kẹ́míkà tí a fẹ́ wọ̀n má baà rin. A kì í fi ọwọ́ lásán kó o. Ìwọ gbé e sí ibi tí ọmọ rẹ ti ń gun àga wo ẹja.

O ní ẹni tó tà á fún ọ sọ pé òun ló dára jù, nítorí pé ó máa ń yí àwọ̀ padà: tó bá gbẹ, á ní àwọ̀ aró, tó bá ti mu omi yó, á pọ́n. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó fi pa mọ́ fún ọ, tàbí tí òun náà kò mọ̀, ni ohun tó wà lára rẹ̀ tó ń yí àwọ̀ náà padà.

Wóró fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi. Sílíkà lásán ni. Ọ̀gbẹ́ni Walter Patrick ti Yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe ń ṣe é ní 1919. Inú rẹ̀ kún fún ihò tí ojú kò lè rí, inú ihò wọ̀nyí ni omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́. Òun náà ló wà nínú àpò kékeré tí à ń bá nínú páálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Kì í ṣe nítorí májèlé ni wọ́n ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé jẹ ni, ó sì lè há ọmọdé lọ́fun. Funfun tàbí bíi gíláàsì ni sílíkà tí a kò fi nǹkan kan sí. Tirẹ yìí, kóbáàtì kùlọ́ráìdì ni wọ́n fi pa á láró.

Kóbáàtì yìí ni ẹjọ́ mi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ́kọ́ gbé orúkọ àwọn kẹ́míkà tó ń kọni lóminú gan-an jáde, orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà níbẹ̀, kóbáàtì kùlọ́ráìdì sì jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ní ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ fún ẹni tó bá ń fa eruku rẹ̀ símú, ó sì lè ba ètò ìbímọ jẹ́. Ní ti ohun abẹ̀mí inú omi, ẹgbẹ́ àwọn tí oró wọn le jù ni wọ́n kà á mọ́. Inú omi ni ohun tí ìwọ ń sìn wà, Àjàní! Má wá fi fítámínì B12 dá mi lóhùn o. Mo mọ̀ pé kóbáàtì wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ara ń lò níbẹ̀ kò tó nǹkan tí ojú ń rí. Èyí tó wà nínú ọ̀pá rẹ, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i.

N kò sọ pé o kò nílò nǹkan tó ń fa ọ̀rinrin. Ẹ̀rọ ósóònù tó ń bá ọ fọ omi lo so mọ́ ọn, mo rí i. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ yẹn fi ń na afẹ́fẹ́ tí ósóònù fi ń jáde. Bí afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀ bá rin, ósóònù á dínkù, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dara pọ̀ mọ́ náítírójìn láti di ásíìdì náítíríìkì, tí yóò máa jẹ inú ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ó tọ́ kí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ gba inú wóró kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Irú wóró tó fún ọ ni mò ń bá a jà lé lórí.

O ní, "Àǹtí, ṣebí inú ọ̀pá ló wà, kò kan omi." Ẹ̀n-hẹ́n. Lẹ́kí lò ń gbé, àbí Jámánì? Bí NEPA bá mú iná lọ lóru, pọ́ńpù á dákẹ́. Nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì lo gbé pọ́ńpù sí. Omi wà lókè. Róbà tó so wọ́n pọ̀ kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló yẹ kó gba inú òun. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà wálẹ̀, á kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ ósóònù, á bà á jẹ́, á sì dé ọ̀dọ̀ wóró. Wóró sílíkà tó bá ṣàdédé bọ́ sínú omi kì í rọra mu ún. Ṣe ló máa ń ta pàrà pàrà, á gbóná, á sì là sí wẹ́wẹ́. Kóbáàtì ara rẹ̀ á yọ́ sínú omi. Kí ẹnikẹ́ni tó jí tan jẹnẹrétọ̀, omi pupa rẹ́súrẹ́sú ti kún ọ̀pá bámúbámú. Iná dé, inú rẹ dùn, ẹ pariwo "Up NEPA!" bí ìṣe yín, pọ́ńpù náà jí, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ fẹ́ omi yẹn padà sínú tánkì.

Edé ni yóò kọ́kọ́ kú. Àwọn ẹran omi tí kò ní eegun, edé, ìgbín, iyùn, àwọn ni irin inú omi máa ń tètè yọ lẹ́nu. Ìwọ á wá máa wádìí bóyá oúnjẹ ni, bóyá ooru ni, á máa da oògùn oríṣiríṣi síbẹ̀.

Gbé pọ́ńpù yẹn ga ju ojú omi lọ. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn, kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Èkejì, ra fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lọ ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí omi padà, fi í sára róbà. Omi iyọ̀ lo ń lò, iyọ̀ á máa gbẹ mọ́ inú fáàfù náà títí tí kò fi ní lè pa ẹnu dé mọ́. Nítorí náà máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Róbà tó jáde láti inú ẹ̀rọ ósóònù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti sílíkóònù, nítorí ósóònù máa ń mú róbà lásán sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo ti rí i pé tirẹ ti ń sán níbi ìdí. Tí o bá ń gbóòórùn ósóònù nínú pálọ̀ yìí, ìwọ àti ọmọ ni ẹ jọ ń fà á símú, kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé máa bá pàdé.

Ó kan ọ̀rọ̀ ohun tí ìwọ yóò fi rọ́pò rẹ̀. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ nà sí ọ ni aláwọ̀ ọsàn. Wọn á ní òun ni kò léwu. Ó sàn ju aláró lọ, mo gbà, kò ní kóbáàtì nínú. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń di àwọ̀ ewé tó bá ti mu omi; òmíràn sì wà tí àwọ̀ rẹ̀ kàn máa ń ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Èyí tó ń di àwọ̀ ewé, aró tí wọ́n ń pè ní methyl violet ló máa ń wà lára rẹ̀, mọ̀lẹ́bí GV tí ìyá rẹ máa ń fi pa ẹnu ọmọ tó ní efu. Òun náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹja. Èyí tí wọ́n fi iyọ̀ irin ṣe sàn díẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, "kò léwu" tí wọ́n ń wí yẹn, fún ọwọ́ rẹ àti imú rẹ ni, kì í ṣe ìwé àṣẹ pé kó bọ́ sínú omi.

Tí o bá bi mí, funfun ni. Sílíkà funfun tí wọn kò fi aró kankan sí. O ní, "Báwo ni n óò ṣe mọ ìgbà tó yó?" Ìyàwó rẹ ní òṣùwọ̀n tó fi ń wọn fúláwà nínú kíṣìnì, àbí kò ní? Nígbà tí wóró náà gbẹ dáadáa, wọ̀n ọ́n, kọ iye rẹ̀ sára ọ̀pá. Ká ní 100 gíráàmù ni. Máa yọ ọ́ wọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Omi tó mu ní ìwọ̀n, kò lè fi pamọ́. Tó bá ti di 120 gíráàmù, ó ti tó àkókò láti gbẹ ẹ́. Ó lè mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá rin gan-an, ṣùgbọ́n bó ṣe ń yó sí i ni ọwọ́ rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tó rin á sì máa kọjá lára rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Òṣùwọ̀n kì í parọ́ bí àwọ̀. Àwọ̀ tí ẹ gbójú lé yẹn, iná pálọ̀ lásán lè ṣì ọ́ lọ́nà, kó o máa wo pupa ní aró. Tí o kò bá sì lè ṣe é láìrí àwọ̀, bu wóró aláwọ̀ ọsàn díẹ̀ lé funfun náà lórí, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó láti máa sọ̀rọ̀ fún ọ.

Bí a bá ń gbẹ ẹ́, inú ófùnù ni, kì í ṣe inú oòrùn. Oòrùn Èkó kò lè gbẹ sílíkà, afẹ́fẹ́ tó yí i ká ti rin jù. Da wóró jáde kúrò nínú ọ̀pá tàbí nínú àpò rẹ̀, tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí àwo irin, fi í sínú ooru 120°C fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kó tutù nínú ìgò tó ní ìdérí. Má ṣe jẹ́ kó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ tí aró bá wà lára rẹ̀, aró náà á jóná, kò sì ní fi àmì kankan hàn mọ́. Aláró oníkóbáàtì kò gbọdọ̀ wọ ófùnù tí wọ́n ń fi yan kéèkì. Ṣé o ti fi i síbẹ̀ rí? Má dáhùn, ojú rẹ ti dáhùn. Ìyàwó rẹ ń gbọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ wò. Wò ó! Ike tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú wọ́dúróòbù nìyí, èyí tó ń gba omi sísàlẹ̀, o gbé e lé orí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ẹ̀rọ rẹ so mọ́! Kálísíọ̀mù kùlọ́ráìdì ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í mú omi pa mọ́ sínú ihò bíi ti sílíkà. Ṣe ló máa ń yọ́ pátápátá di omi iyọ̀. Omi iyọ̀ ń gbé iná, ó sì ń mú kí irin dógùn-ún. Kí ọmọ fẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀kan, kó dà sórí tàímà àti ẹ̀rọ tó ń gbé iná fún LED rẹ, kí ilé yìí máa rùn. Láàárín aṣọ, ó dára, n kò bá a jà. Lábẹ́ tánkì ẹja, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Gbé e jáde nísinsìnyí, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Ta ló sì da ìrẹsì sínú ìbọ̀sẹ̀? Àjàní! Láti ìgbà tí ẹnì kan ti ki fóònù rẹ̀ tó bọ́ sómi bọ inú ìrẹsì ni gbogbo yín ti ya wèrè. Ìrẹsì kò lè fa ọ̀rinrin bí ẹ ṣe rò, ìyẹ̀fun ara rẹ̀ á sì wọ inú ẹ̀rọ. Kòkòrò nìkan ni yóò ṣàǹfààní fún. Iyọ̀ ńkọ́? Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ní àkókò òjò, ti Èkó máa ń ju 80 lọ.

Gbogbo wàhálà tó o ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù yìí, fífi àjẹ̀rẹ̀ pọnmi ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún wáyà, omi tánkì ń gbẹ lọ sókè, ọ̀sà wà níwájú ilé. Wóró tó o bá gbé sínú irú ibi bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbogbo Lẹ́kí ló fẹ́ gbẹ. Inú ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tàbí inú ohun tó ní ìdérí tó sé pinpin nìkan ni sílíkà ti ń ṣiṣẹ́. Fún kọ́bọ́ọ̀dù, fáànù kékeré bíi ti kọ̀ǹpútà tí yóò máa lé afẹ́fẹ́ jáde ló yẹ. Ẹ̀rọ tó o kò lò, pọ́ńpù àpamọ́, LED àpamọ́, kó wọn sínú ike oníróbà lẹ́nu, fi àpò sílíkà funfun sí i, dé e, ó tán.

Ṣùgbọ́n o, èyí ni mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa: má kó gbogbo nǹkan sínú ike gbígbẹ. Ọ̀pá tó o fi ń wọn pH, èyí tó ní gíláàsì roboto lẹ́nu, mo bá a nínú ike pẹ̀lú àpò sílíkà mẹ́ta. O fẹ́ pa á ni? Gíláàsì ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ. Inú omi pọ́tásíọ̀mù kùlọ́ráìdì ló yẹ kó máa sùn, nínú ìdérí kékeré tó bá a wá. Tó bá gbẹ, á máa fún ọ ní òǹkà tí kò jọ òótọ́, ìwọ á sì máa da kẹ́míkà sínú omi tí nǹkan kan kò ṣe. Èmi ti rí ọ̀pá pH olówó iyebíye tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sílẹ̀ lórí tábìlì di ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Èyí tí inú mi dùn sí ni agolo oúnjẹ ẹja. O fi àpò sílíkà kan sí i, èyí tó bá a wá, kò ya. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Oúnjẹ ẹja tó bá rin á bu, irú èbu tó ń pa oró aflatóksìn sínú ẹ̀pà àti àgbàdo kò sì yọ oúnjẹ ẹja sílẹ̀. Àpò tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó bá oúnjẹ mu ni kó o máa lò, kó jẹ́ funfun. Tó bá ya, da oúnjẹ náà nù, má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa wóró. Kò sí ohun tó burú nínú sílíkà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ẹja.

Wóró aláró yìí wá ńkọ́? Má dà á sínú gọ́tà. Gọ́tà Lẹ́kí, inú ọ̀sà ló ń lọ, ẹja wà níbẹ̀ náà, àwọn ènìyàn sì ń pa á jẹ. Má dà á sínú ilé ìgbẹ́, má sin ín sídìí òdòdó. Fi aṣọ tútù nu ibi tó bá dà sí, má gbá a, kí eruku rẹ̀ má baà fò. Wọ ìbọ̀wọ́ róbà, dà á sínú ike tó ní ìdérí, fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀, kọ "kóbáàtì" sí i gàdàgbà. N óò gbé e lọ fún àwọn ọmọ tó rọ́pò mi ní láàbù, wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí kẹ́míkà sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, lọ sí Ọjọ́ta, níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà. Má sọ pé o fẹ́ èyí tó ń yí àwọ̀ padà. Sọ pé sílíkà funfun lo fẹ́, kí o ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀ kó o tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ pé aláwọ̀ ọsàn díẹ̀ lo fẹ́ fi ṣe àmì, wá ibi tí wọ́n kọ "cobalt free" sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, fi í sílẹ̀ fún wọn. Káàdì kékeré tó ń fi ọ̀rinrin hàn náà bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú èyí tó jẹ́ aláró, kóbáàtì kan náà ló wà lára rẹ̀.

Kí n tó kúrò nílé yìí lónìí, kí ọ̀pá yẹn ti ṣófo, kí pọ́ńpù sì ti gun orí ṣẹ́ẹ̀fù. Dìde, jàre. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ kó o tó bá wa jẹun.